Ohun Tí Olúwa Ṣe fún Wa Lójú Odò Wouri

Ẹ̀mí kankan ò bọ́.

Gbogbo àwa ọmọ Ìlàjẹ tó ń pẹja ní Douala la mọ òjò oṣù kẹjọ. Lálẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí, à ń ti ìhà Manoka bọ̀ ní Youpwé, òjò ṣú bolẹ̀, a ò rí iná bọ́ọ̀yì kankan. Omi sì ti ń fà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ ọkọ̀, ẹnu odò Wouri kún fún òkìtì iyanrìn. Láti òkun dé èbúté tó nǹkan bí 50 kìlómítà, wọn ò sì yéé wa iyanrìn lójú ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ tó bá gun iyanrìn nígbà tí omi ń fà, ìgbì á máa gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi dojú dé. A mọ àwọn tó bá a lọ.

A ní ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ṣáájú alẹ́ yẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń tún fóònù ṣe ní Akwa ló ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá bá yín níwájú." Ó mú ESP32, pátákó kékeré tó ń dá Wi-Fi tirẹ̀ sílẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ omi ń sọ èdè NMEA 0183, 4800 bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmì dọ́là ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan. (Ẹ má bi mí nídìí ẹ̀.) Iná wáyà rẹ̀ le ju 3.3V tí ESP32 lè gbà, ọmọ náà wá fi optocoupler sí àárín, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ike onídèérí. Wòlíì ìjọ wa fẹ́ ta òróró sí i. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ta á sára ike, kí wọ́n má ta á sínú.

Lóru yẹn, èmi wà níwájú ọkọ̀, fóònù wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, mo ṣí OpenCPN tó ń fi jíjìn omi hàn mí. Mítà 4. Mítà 3. 1.8. Mo figbe ta: "Yà sọ́tùn-ún! Yà!" Atukọ̀ yà. Iye náà dúró, ó tún gòkè. Ọkọ̀ tó ń tẹ̀lé iná wa náà yà. Àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá ní òwúrọ̀ ní iyanrìn ti yọ gbalaja.

Àwọn kan ní fóònù ló yọ wá. Ta ló fún ọmọ náà lọ́pọlọ? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, n ò rí ìjà láàárín méjèèjì.

Ọrẹ ìdúpẹ́ mi rèé. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tó bá fẹ́ ṣe tiyín, ọmọ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú ìwé ẹ̀rọ omi yín dání, kó lè mọ wáyà tó ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó ń gbọ́.