Nítorí Lẹ́tà Kan Ṣoṣo

Àwa tá a ń kọ kóòdù mọ̀ pé lẹ́tà kan lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. Yorùbá náà mọ̀ ọ́n: àmì ohùn kan péré ló wà láàárín ọkọ àti ọkọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì, kì í fi í sú mi.

Ọdún 328 ló di bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n lé e kúrò nílùú, lábẹ́ olú-ọba mẹ́rin. Tá a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó tó nǹkan bí ọdún 17. Kí ló fà á? Arius, àlùfáà kan nílùú yẹn, ní ìgbà kan wà tí Ọmọ Ọlọ́run ò sí, pé Baba ló dá a. Ìgbìmọ̀ Nicaea ní 325 ní rárá o, homoousios ni: ohun tí Baba jẹ́ gan-an ni Ọmọ jẹ́. Lójú Athanasius, bí Kristi bá jẹ́ ẹ̀dá bíi tiwa, kò lè gbà wá là. Àlàáfíà ìlú làwọn olú-ọba ń wá ní tiwọn. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ṣé ìdúróṣinṣin nìyẹn ni àbí orí kunkun? Téèyàn bá ń wò wọ́n láti òkèèrè, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì ní.

Ní nǹkan bí ọdún 359, àwọn kan ń sọ pé homoiousios: ohun tí Ọmọ jẹ́ jọ ohun tí Baba jẹ́. Lẹ́tà kan péré ló yàtọ̀! Ẹni tó ti jìyà tó yẹn, ẹ ó rò pé á gbaná jẹ. Ó kọ̀wé pé ará ni wọ́n, ohun tóun gbà ni wọ́n gbà, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni ò tíì bá wọn lára mu. Ní 362, àwọn kan ní hypostasis mẹ́ta ni Ọlọ́run, àwọn mìíràn ní ẹyọ kan ni. Ìgbìmọ̀ tó darí bi apá méjèèjì pé kí ni wọ́n ní lọ́kàn gan-an. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé tán, ọ̀rọ̀ wọn ò ta kora.

Kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́ ṣá o. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé àwọn èèyàn ẹ̀ ń lu àwọn ọmọ ẹ̀yìn Meletius, mi ò sì gbà pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ó mọ ìjà tó dá lórí ọ̀rọ̀ lásán yàtọ̀ sí èyí tó dá lórí ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Olóríkunkun ò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjà ló tóbi lójú ẹ̀.

Arius ńkọ́? Tiẹ̀ ò gba àlàyé kankan mọ́. Ohun tó ní lọ́kàn náà ló sọ.