Àtẹ́wọ́ Nìkan Ò Tó

Nígbà tí a máa ń lọ ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Alábà Rago, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń tú ẹ̀rọ tó ti kú. Ohun tẹ́nì kan sọ nù, wọ́n á máa wò ó bóyá ó ṣì lè jí. Irú ọwọ́ báyìí ló gbé hẹlikọ́pítà jáde ní Kánò lọ́dún 2007.

Mubarak Muhammad Abdullahi, akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Bayero, ló ṣe é. Owó tó ń rí nídìí títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe wà lára ohun tó ná sí i. Ẹ́ńjìnnì Honda Civic ló fi sí i, àga Toyota àlòkù ló wà nínú ẹ̀. Ó gbéra nílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ìròyìn náà kárí ayé, gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè wa rèé: ṣé ẹni tó pàtẹ́wọ́ ti ṣe ojúṣe ẹ̀ tán? Tí ọmọ ìyá wa bá fẹ́ gun ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kàn, ta ló máa bá a yẹ nọ́ọ̀tù ẹ̀ wò, tó máa sọ fún un pé, "Àbúrò, má tíì fò"?

Ní Amẹ́ríkà, Paul Poberezny àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá ẹgbẹ́ EAA sílẹ̀ lọ́dún 1953 fún àwọn tó ń kan bàálù fúnra wọn. Láti 1970, Oshkosh ni wọ́n ti ń pàdé lọ́dọọdún. Bàálù tó ń wá lé ní 10,000, àwọn èèyàn ń sùn nínú àgọ́ lábẹ́ ìyẹ́ bàálù wọn. Ẹgbẹ́ náà láwọn onímọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́ kó tó fò. Èrè ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa pàápàá: Air Beetle táwọn Ọmọ Ogun Òfúrufú wa tò ní Kàdúná nígbà kan, inú RV-6, bàálù táwọn èèyàn ń kàn nílé, ni wọ́n ti mú un.

Àwa tí a ń kọ kóòdù mọ̀ ọ́n: kóòdù tẹ́nì kankan ò bá wa kà ni àṣìṣe máa ń sá pamọ́ sí. Àmọ́ tí áàpù bá dákú, a ó tún un tàn. Ẹni tó jábọ́ látòkè ò ní bọ́tìnnì.

Ẹ lè ní ebi ń pa ìlú, kí la fẹ́ fi ìpàdé bàálù ṣe? Ebi ò dá àwọn tó fẹ́ fò dúró o. Òun nìkan ni kálukú ń fò. Kò dìgbà tó bá tó 10,000. Pápá kan, ọjọ́ kan lọ́dún, àti àgbà méjì tó mọ ẹ́ńjìnnì tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Tẹ́ ẹ bá tún rí fídíò ọmọ tó kan bàálù, ẹ pín in o, àmọ́ ẹ wá ẹni tó lè bá a yẹ ẹ́ wò pẹ̀lú.