Ọbẹ̀ Gbígbóná Murai

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tó bá ń gbá géèmù Ninja Gaiden kò ní pẹ́ mọ ìdí.

Ní 2004 ni Team Ninja, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Tecmo ní Japan, gbé e jáde fún Xbox. Ryu Hayabusa ló ń fi idà jà níbẹ̀. Ìparí abala àkọ́kọ́ ni yóò ti kan ọ̀tá kan, Murai, tó ń ju igi méjì tí a so pọ̀. Ọ̀pọ̀ á máa tẹ bọ́tìnnì idà bí ẹni ń gún iyán. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kú. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni kéèyàn dènà, kó jẹ́ kí Murai ju tirẹ̀ tán, kó tó gé e lẹ́ẹ̀mejì, kó sì yára yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dènà ṣáá lójú kan, Murai á gbá a mú, á là á mọ́lẹ̀. Òwe wa kò sáà ní ká jẹ́ kí ọbẹ̀ di yìnyín.

Ní Ninja Gaiden Black ti 2005, ẹni tó bá ń kú léraléra, géèmù á bi í bóyá kí àwọn dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Bó bá gbà, ó bọ́ sí ipele ìrọ̀rùn tí wọ́n ń pè ní Ajá Nínjà, wọ́n á sì so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára. Ẹ̀sín gbáà!

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ti dá sí ṣíṣe géèmù: ní 2016, Kiro'o Games ní Yaoundé, Cameroon, gbé Aurion jáde, níbi tí ọba Zama àti olorì rẹ̀ ti ń jà láti gba ìtẹ́ padà. Ọ̀dọ́ Òmù-Àrán tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ kò ní wá akọni jìnnà. Ère òkúta tó wà ní Èsìẹ́ nítòsí ibẹ̀ lé ní 1,000, àwọn mìíràn sì di idà mú.