Àyè IT Náà, Ti Ta Ni?



Lọ́dọọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà tó wà ní ọdún kẹrin bá ti fẹ́ lọ fún IT olóṣù mẹ́fà wọn, fóònù àwa tí a ti jáde kì í sinmi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá àyè." "Bọ̀dá, ṣé kò sí nǹkan ní kọ́ńpìnnì yín?" N kì í bínú sí i. Ẹni tó ti Òṣogbo wá kàwé ní Zaria, tí kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá kankan ní Kaduna, ta ni kó ké sí bí kò ṣe àwa tí a jọ ń gbàdúrà? Ẹgbẹ́ ni ẹbí rẹ̀ níbí. (Ti àwọn tó ń ní kí n buwọ́ lu logbook iṣẹ́ tí wọn kò ṣe, n kò tilẹ̀ kà á mọ́ ohun tí a ń jiyàn lé. Irọ́ ni.)

Ohun tó ń dà mí láàmú ni èyí: bí àyè kan ṣoṣo bá wà, tí ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹlòmíràn jọ ń wá a, ṣé ó tọ́ kí n fún ọmọ ẹgbẹ́ wa kìkì nítorí pé tiwa ni?

Ọ̀pọ̀ ará gbà pé ó tọ́. Wọ́n á tọ́ka sí ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Gálátíà, pé nínú oore tí a ń ṣe, kí ti àwọn onígbàgbọ́ ṣe gbòógì. Wọ́n á tún ní gbogbo ayé ló ń ṣe é. Ará ìlú ń fa ará ìlú wọlé, bí Kristẹni nìkan bá ní òun ò ṣe ojúsàájú, àwọn ọmọ wa ni yóò jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ iná mànàmáná kan tó fi oṣù méjì wá àyè, tó wá lọ ń tẹ ìwé fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Nígbà tó padà sí kíláàsì, kò tíì di multimeter mú rí.

Ṣùgbọ́n ta ló ni àyè náà? Oore tí Pọ́ọ̀lù ń wí, inú ohun tó jẹ́ tẹni ló ti ń wá. ITF, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos, ló dá SIWES sílẹ̀ ní 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ tó ń kà nínú ìwé. Kọ́ńpìnnì tó bá ní òṣìṣẹ́ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù tó ń san lọ́dún fún ITF, òfin sì fẹ́ kí wọ́n máa gba àwọn ọmọ IT. Nítorí náà, òfin ìlú ló ya àyè yẹn sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀sìn yòówù kí ó máa ṣe. Ọwọ́ mi ló kàn ń gbà kọjá.

Ẹ wo Léfítíkù 19. Olóko kò gbọdọ̀ kórè dé igun oko. Ti tálákà àti àlejò ni ibẹ̀. Kì í ṣe àánú olóko, òfin ti mú un kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé Bóásì béèrè ọmọ ta ni Rúùtù, àmọ́ ará Móábù yìí ti ń pèéṣẹ́ kí ó tó béèrè. Lẹ́yìn náà ni Bóásì wá fi tirẹ̀ kún un: omi mímu, ọkà yíyan nídìí oúnjẹ, àti èyí tó ní kí wọ́n fà yọ fún un láti inú ìdì ọkà. Igun oko yàtọ̀ sí ìdì ọkà. Ilé mi, oúnjẹ mi, owó ọkọ̀, ọ̀sán Sátidé tí mo lè fi kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní wáyà fífà, ìdì ọkà tèmi nìyẹn. Èyí ni mo lè fi ṣe ojúsàájú láìjẹ ẹnikẹ́ni níyà.

Ní ọdún kan, lẹ́tà méjì dé orí tábìlì mi, ti arákùnrin wa kan àti ti ọmọbìnrin Mùsùlùmí kan láti Kano. Ìbéèrè kan náà ni mo bi àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin náà dáhùn dáadáa jù, òun ló wọlé. Arákùnrin wa sùn ní pálọ̀ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a sì jọ ń kan ilẹ̀kùn kiri, kó tó rí àyè ní ọ̀sẹ̀ keje lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún transformer ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú oṣù mẹ́fà kò kéré, n kò sì lè dá a padà fún un. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ sọ ọ́ lójú mi pé mo ta ọmọ ìyá mi. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó dúpẹ́ ibùsùn, ó sì gbàdúrà fún àwọn ọmọ mi. Kò dá ọ̀rọ̀ àyè náà sílẹ̀ rárá, èmi náà ò sì dá a sílẹ̀.