Lẹ́tà Tí A Kọ Nígbà Ìbínú

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, lẹ́tà tí a kọ tán lórí kọ̀ǹpútà, ṣé dandan ni kí ó lọ lójú ẹsẹ̀? Ètò ímeèlì bíi Thunderbird máa ń yẹ àpótí wò ní ìṣẹ́jú 10 síra bí a kò bá yí i padà; a sì lè ní kí ó má wò ó rárá àfi bí a bá tẹ̀ ẹ́. Èyí tí à ń fi ránṣẹ́ náà lè dúró títí a ó fi yọ̀ǹda rẹ̀. Gmail ní tirẹ̀ fún wa ní ìṣẹ́jú àáyá 30, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, láti dá lẹ́tà dúró. Ìbínú ta ni ó ń rọ̀ kíá bẹ́ẹ̀?

Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí ẹni tó bínú lórí ìdúró jókòó. Lójú tiwa, ó yẹ kí lẹ́tà ìbínú náà jókòó, kí ó sun àpótí mọ́jú.

Láti 2019, Gmail ń jẹ́ kí a yan wákàtí tí lẹ́tà yóò lọ. Ọ̀gá tó kọ̀wé lóru, tó ní kó dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, àánú ló ṣe. Òṣìṣẹ́ tó fi í díbọ́n pé òun ti dé ẹnu iṣẹ́, tó sì ń sùn nílé, irọ́ ló pa, bí kò tilẹ̀ lanu. Ọgbọ́n kan náà ni. Àníyàn wọn ló yàtọ̀.

Gbígbà ńkọ́? Pípa á lásìkò ìrun kò lẹ́bi. Ṣùgbọ́n onígbèsè tó ti àpótí pa nítorí olówó, ẹ̀tọ́ ẹlẹ́tọ̀ọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́tà náà ti dé. Òun ni kò ṣí i.