Ta Ni Àgádágodo Ń Dènà?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Irú èrò yìí ni ilé-iṣẹ́ Intel fi ṣe HDCP, àgádágodo tí ń ti àwòrán fídíò bí ó ti ń gba inú wáyà lọ sórí tẹlifíṣàn. Tẹlifíṣàn tí kò bá ní kọ́kọ́rọ́ kò ní í rí àwòrán gbé jáde.

Èrò náà kò burú. Oníṣẹ́ ni ó yẹ kí ó jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2010, olú-kọ́kọ́rọ́ HDCP àkọ́kọ́ tú sí gbangba, ògiri lanu. Olè mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ará Ẹdẹ tí ó fi owó rẹ̀ ra fíìmù, tí tẹlifíṣàn rẹ̀ ti gbó, ni yóò máa wo òkùnkùn. Bí ó bá sì já a, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ti Nàìjíríà ti ọdún 2022 lè dá a lẹ́bi.

Ǹjẹ́ òdodo ni èyí? Rárá. Ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ di ìyà olùrà. Àgádágodo tí kò bá mọ olùrà yàtọ̀ sí olè kò tí ì ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rọ ọ́.