Kí Là Ń Kùn Ún Sí?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi dá sí i. Lọ́dún 1954, Orville Carlisle, oníṣòwò bàtà ní Nebraska l'Amẹ́ríkà, ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré onípépà. Títí dòní làwọn kan ń ṣe irú rẹ̀ nílé: wọ́n á fi sáńpépà ha ìyẹ́ rẹ̀ títí á fi jọ̀lọ̀, wọ́n á kùn ún lọ́dà. Jíjọ̀lọ̀ yẹn ń jẹ́ kó ròkè sí i, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá gbá páráṣúùtì rẹ̀ lọ, ó tán nìyẹn. Ṣé wàhálà lásán kọ́? Èmi ò gbà. Ṣebí à ń wẹ ọmọ tó máa tún yíràá nínú eruku? Pírójẹ́ẹ̀tì tá a fẹ́ kọ wúruwùru torí pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa kú sí ńkọ́? Iṣẹ́ lè sọnù o. Ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa kì í bá a lọ.